Láti Ení dé Mẹ́ta: Eré Ọmọdé àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ìṣirò ní Àríwá Èkìtì

1. Ìfáárà

Oǹkà Yorùbá ti gba àfiyèsí àwọn onímọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1887. Samuel Johnson yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921. R. G. Armstrong tún gbé e yẹ̀ wò ní 1962. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lẹ́nu ni bí àwọn nọ́ńbà ńlá ṣe rí: bí a ṣe ń fi ogún kà, bí a ṣe ń yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́ta kí a tó rí àádọ́ta, àti bí ọ̀kẹ́ kan ṣe jẹ́ 20,000. Ibi tí oǹkà ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò rí irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀ gbà.

Ibẹ̀ gan-an ni bébà yìí dojú kọ. Agbègbè tí ó mú lò ni àríwá Èkìtì, èyíinì ni Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Agbègbè yìí wà lábẹ́ ẹkùn Oǹdó ní ìgbà ìjọba àmúnisìn, ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, ó sì di ara Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Ìtàn ìṣirò àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò dá yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Yorùbá yòókù. Nítorí náà, a óò máa jáde láti ibẹ̀ lọ sí Modákẹ́kẹ́ àti sí òkè òkun nígbà tí ọ̀rọ̀ bá béèrè fún un.

Kókó ọ̀rọ̀ náà ni èyí. Èdè Yorùbá ya orúkọ tí a fi ń ka nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ tí a fi ń sọ iye nǹkan. Eré ni ọmọdé fi ń rékọjá láti ara èkíní bọ́ sí ara èkejì, àròpọ̀ kò sì lè fìdí múlẹ̀ àfi bí ìrékọjá yìí bá ti wáyé. Ilé-ẹ̀kọ́ gba orúkọ kíkà wọlé, ó sì fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

2. Kíkà àti Iye nínú Oǹkà Yorùbá

Bí ọmọdé bá ń fi ìka tọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí a tò sílẹ̀, ohun tí yóò máa wí ni ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Bí a bá wá bi í pé òkúta náà jẹ́ mélòó, èsì tí ó tọ́ ni márùn-ún. Kò sí ẹni tí ó ń wí pé òkúta àrún. Ẹgbẹ́ kìíní jẹ́ orúkọ tí a ń pè bí ọwọ́ ti ń lọ láti orí ohun kan dé orí òmíràn. Ẹgbẹ́ kejì sọ iye gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onímọ̀ èdè kan ti sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe mú ni ó so mọ́ ẹ̀ta tí ó fi di mẹ́ta. Helen Verran, tí ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ ìwé tí ó gbé jáde ní 2001 lórí nọ́ńbà àti ìrònú Yorùbá.

Ẹgbẹ́ yòókù tún wà. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta jẹ́ ti owó ẹyọ. Èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ipò. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ ti iye ìgbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ ti pínpín. Ọmọ tí ó ń gbọ́ èdè yìí láti inú ilé ń gbọ́ gbogbo wọn pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó jókòó tì í láti kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ wọn.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí àwọn onímọ̀ ìrònú ọmọdé rí ní ibòmíràn. Ní 1978, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde lórí bí ọmọdé ṣe ń lóye nọ́ńbà. Nínú àwọn òfin kíkà tí wọ́n tò, mẹ́ta kan ọ̀rọ̀ yìí: ohun kan kò gbọ́dọ̀ gbà ju orúkọ kan lọ, àwọn orúkọ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà, orúkọ tí a pè kẹ́yìn ni ó sì jẹ́ iye gbogbo wọn. Òfin kẹta yìí ni ọmọdé máa ń pẹ́ kí ó tó mọ̀. Ọmọ lè ka nǹkan dé àrún láìṣìṣe, kí a sì bi í pé mélòó ni, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí ení. Ẹnu rẹ̀ mọ kíkà. Ọkàn rẹ̀ kò tíì mú iye.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún kíkà àti fún iye, nítorí náà kò sí ohun tí ó hàn létí nígbà tí ọmọ bá rékọjá láti ara kíkà sí ara iye. Nínú Yorùbá, etí gbọ́ ọ. Ọmọ tí ó wí pé "ení, èjì, ẹ̀ta; mẹ́ta ni" ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ti rékọjá. Ohun èlò ńlá ni èyí fún olùkọ́ tí ó bá ń fetí sílẹ̀.

Àmì mìíràn tún wà nínú oǹkà náà. Láti ọ̀kànlá dé ẹ̀rinlá, orúkọ nọ́ńbà jẹ́ àròpọ̀ lórí ẹ̀wá. Láti àrùndínlógún dé ọ̀kàndínlógún, ó jẹ́ ìyọkúrò láti inú ogún. Lẹ́yìn ogún, lé àti dín tún ń ṣiṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá pe ọ̀kànlélógún ti fi ọ̀kan kún ogún. Ẹni tí ó bá pe ẹ̀rìndínlógún ti yọ ẹ̀rin kúrò nínú rẹ̀. Oǹkà yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ iye ni ó lè kà á.

3. Ohun tí Àgbà Ń Kà Lójú Ọmọdé

Ọmọdé kì í bá oǹkà pàdé nínú eré nìkan. Ó kọ́kọ́ bá a pàdé lọ́wọ́ àgbà. Ní ìgbà tí a ń ná owó ẹyọ, Mann ṣàlàyé bí a ṣe ń kà á: ẹni tí ó ń kà yóò fi ọwọ́ wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún, yóò kó ìdì mẹ́rin jọ di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún ọ̀kẹ́ kan. Ọmọ tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọjà ń rí i bí ìdì kékeré ṣe ń di ńlá.

Ó ní ìdí tí ó fi jẹ́ pé márùn-ún ni a ń wọ́. Ní 1871, W. S. Jevons, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń da ẹ̀wà sínú àpótí kékeré, ó sì ń gbìyànjú láti mọ iye tí ó bọ́ síbẹ̀ ní ìwòfìrí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò ṣì í rí. Láti orí márùn-ún ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń ka ẹyọ kò ka ìwé Jevons, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ti kọ́ wọn ní ohun kan náà: ìdì márùn-ún kò tóbi ju ohun tí ojú lè ṣọ́ lọ.

Ọjọ́ ọjà jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Òní, àná, ìjẹta: òní ni ení, àná ni èjì, ọjọ́ tí ó ṣáájú àná sì ni ẹ̀ta. Bákan náà ni ọjà tí a ń ná ní ọrún-ọrún fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàrin ìná kan àti èkejì, tí ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lójú ẹni tí kò bá ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó ti inú ilé gbọ́ èyí, tí olùkọ́ wá bi í pé ọjọ́ mélòó ni ó kù kí ọjà tó pé, lè fèsì tí ó tọ́ ní ilé, kí olùkọ́ sì fi igi fa ìlà pupa sí i lórí. Kò ṣìṣe. Ètò kíkà méjì ni ó pàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì là á yé e.

Ní oko, iye ebè ni àgbẹ̀ fi ń sọ bí iṣẹ́ òòjọ́ ti tó. Ní ọjà, èènì ni oníbàárà ń béèrè lẹ́yìn òṣùwọ̀n. Nínú ilé, obì ni a ń là. Obì àbàtà tí ó ní awẹ́ mẹ́rin jẹ́ obì kan nígbà tí a kò tíì là á, ó di awẹ́ mẹ́rin nígbà tí a là á, ó sì lè di méjì fún bàbá, ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan fún ẹni tí ó là á. Bí a bá kó awẹ́ náà jọ padà, mẹ́rin náà ni. Pé iye odindi kì í yí padà bí a ti wù kí a pín in ni gbòǹgbò àròpọ̀. Ní Ìkọ̀lé tàbí Ọyẹ́, ọmọdé ti ń wò ó nínú àwo obì kí ó tó mọ ilé-ẹ̀kọ́.

4. Eré àti Ìrékọjá

Àgbà kìlọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èèwọ̀ yìí ní ipa tirẹ̀ lórí ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a bi pé ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ bí lè dákẹ́, kì í sì í ṣe nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí a fi lé ọmọdé lọ́wọ́ láti kà ni òkúta, ẹkùrọ́, hóró àgbàdo, ọmọ ayò àti àpáàdì. Ní Ìsàn, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìkòkò mímọ, àpáàdì kò lè wọ́n ọmọdé.

Ayò ni olórí nínú àwọn eré náà. Ihò méjìlá ni ọpọ́n rẹ̀ ní, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta ni a ń lò, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kì í dúró de ọpọ́n. Wọ́n ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, wọ́n sì ń fi òkúta ṣe ọmọ ayò. Kí wọ́n tó mọ òfin jíjẹ rárá, wọ́n ti mọ gbígbìn: a kó ọmọ inú ihò kan, a sì ń jù ú sínú ihò tí ó tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò kan, ọmọ kan. Bí ọwọ́ bá fò, ẹni kejì yóò pariwo. Òfin kìíní tí Gelman àti Gallistel sọ ni èyí, ẹlẹgbẹ́ ọmọ ni ó sì ń mú un ṣẹ. Nígbà tí ó bá yá, ọmọ tí ó fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ òun yóò parí sí gbọ́dọ̀ wo ihò kí ó sì mọ iye inú rẹ̀ kí ó tó kó o. Bí ó ti ń wò ó ni yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé mẹ́ta ni. Ìrékọjá ti wáyé nìyẹn, èrè eré ni ó sì fà á.

Eré òkúta jíjù ń ṣe iṣẹ́ kan náà. A ju òkúta kan sókè, a ṣa òmíràn nílẹ̀, a sì gba ti òkè kí ó tó bọ́. Ní ìgbà kìíní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣà. Lẹ́yìn náà méjì-méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ní òkúta márùn-ún nílẹ̀, tí ó sì dé orí mẹ́ta-mẹ́ta, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé méjì ni yóò kù. Nínú sùwè, ẹsẹ̀ ni ó ń ka ilé tí a là sílẹ̀. Nínú ọjà ìṣeré, yanrìn ni gàrí, ewé ni owó, oníbàárà kò sì ní gbà bí a kò bá fi èènì sí i.

Orin kíkà tún wà tí ọmọdé ń kọ nínú òṣùpá, nínú èyí tí ọ̀rọ̀ kan ń tẹ̀lé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nítorí pé ohùn wọn jọra. Ipa tí irú orin bẹ́ẹ̀ ń kó ni pé ó ń mú kí àwọn orúkọ náà tò tẹ̀lé ara wọn láìfò. Òfin kejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n orin nìkan kò lè mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ iye, nítorí pé kò sí ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ ọ́. Orin, ọwọ́ àti ìjà lórí ẹni tí ó jẹ, àwọn mẹ́ta yìí ni ó pé jọ nínú eré. Ìgbà tí a bá yọ orin jáde láàrin wọn, tí a sì gbé e lọ sí ibòmíràn, ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀.

5. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ àti Ọdún 1955

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. A fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó di 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú kúrò ní ibùdó. Lẹ́yìn èyí ni ìjọ Sẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀sì, ti Àgùdà àti ti Mẹ́tọ́díìsì rí ọ̀nà gbòòrò wọ ilẹ̀ Èkìtì, ilé-ẹ̀kọ́ sì bá wọn wọlé. Nínú ètò tí ó wà títí di 1954, ọdún mẹ́jọ ni ọmọ ń lò kí ó tó parí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ọdún méjì ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, ọdún mẹ́fà ní Sítáńdáàdì. Síléètì ni ohun èlò, àkọ́sórí sì ni ọ̀nà. Àwọn ọmọ á dìde, wọn á pe oǹkà pọ̀ tẹ̀lé olùkọ́ títí yóò fi pé.

Nǹkan ti ń yí padà ní ibòmíràn láàrin ìgbà yìí. Friedrich Fröbel ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì ní 1837, ó sì fi bọ́ọ̀lù àti igi gbígbẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Maria Montessori ṣí tirẹ̀ ní Róòmù ní 1907. Jean Piaget gbé ìwé rẹ̀ lórí nọ́ńbà lọ́kàn ọmọdé jáde ní 1941. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó mú nọ́ńbà. Ó yẹni láti rántí pé ohun tí Fröbel gbẹ́ igi fún wà nínú erùpẹ̀ Ìdó àti Ìkọ̀lé láìná owó. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ẹ̀kọ́, nítorí náà kò rí àyè nínú ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé ní ọdún náà lé ní 800,000. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni òfin ní kí ó wọlé. Níbi tí kò sí ìwé ọjọ́ ìbí, a ní kí ọmọ gbé apá rẹ̀ gba orí kọjá, bí ọwọ́ bá kan etí òdìkejì, a gbà pé ó ti tó. Àǹfààní ètò yìí kò ṣeé fẹnu sọ tán. Àìmọye ọmọ àgbẹ̀ ní àríwá Èkìtì ni kì bá tí rí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ bí kò bá sí i.

Síbẹ̀, ohun kan bọ́ sọnù láàrin rẹ̀. Láti lè gba gbogbo ọmọ, a dín ọdún mẹ́jọ kù sí mẹ́fà, ọdún méjì ti àwọn ọmọ kékeré ni a sì yọ. Ìwé Kìíní di ibi tí ọmọ ti kọ́kọ́ pàdé olùkọ́, kíláàsì kún àkúnya, púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ni kò sì tíì gba ìkọ́ṣẹ́. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, pípe oǹkà pọ̀ rọrùn ju fífi òkúta márùn-ún lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ lọ.

6. Modákẹ́kẹ́, Òfin Ìjọba àti Jẹ́lé-ó-sinmi

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ pàtàkì ń kọ́ wọn. Àbọ̀ iṣẹ́ náà, tí a tẹ̀ jáde ní 1989, fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ yìí fi òpin sí iyèméjì pé ìṣirò lè jókòó nínú Yorùbá. Ṣùgbọ́n Ìwé Kìíní ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kò sí nínú rẹ̀.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní 1977 ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gbangba lórí àwọn ọmọ yìí. Ó ní kí a kọ́ wọn ní ìpìlẹ̀ nọ́ńbà nípa eré, ó ní eré ni kí ó jẹ́ ọ̀nà ẹ̀kọ́ pàtàkì, ó sì ní èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a lò. Ohun tí ó dára jù ni a kọ sílẹ̀. Ìlànà kan náà sì fi dídá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́.

Àbájáde rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Orúkọ tí Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí, jẹ́lé-ó-sinmi, sọ ohun tí òbí kọ́kọ́ fẹ́ lára rẹ̀: kí ọmọ jáde, kí ilé fara balẹ̀. Nígbà tí ó di ohun tí a ń san owó fún, òbí ń fẹ́ rí ohun tí owó rẹ̀ rà. Ọmọ tí ó gbin òkúta sínú ihò kò ní ohun tí yóò mú lọ fi han bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí ó lè pe nọ́ńbà dé ọgọ́rùn-ún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní i. Báyìí ni àkọ́sórí tí ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ṣe tún wọlé, nínú èdè tí ọmọ kò gbọ́ nílé.

Ti àríwá Èkìtì tún ní ìdíjú tirẹ̀. Ulé ni ọmọ ń pe ilé níbẹ̀, uṣu ni ó ń pe iṣu. Yorùbá inú ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó ń kọ́. Nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá kún un, ohùn mẹ́ta ni ó ń du ọkàn ọmọ tí kò tíì mọ iye òkúta márùn-ún.

Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, èyí sì ṣí ọ̀nà fún un nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Àtúnṣe ìlànà ti 2013 fi ọdún kan kún un ṣáájú Ìwé Kìíní. Lọ́nà kan, a ti ń dá ọdún tí 1955 yọ padà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a óò máa fi kọ́ni.

7. Ohun tí Ìtàn Yìí Fi Lé Olùkọ́ Lọ́wọ́

Òfin lè yí padà ní Àbújá. Òkúta kò kúrò nílẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Bí a bá tẹ̀lé ohun tí ìtàn yìí fi hàn, ètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lè gba ìpele mẹ́rin.

Ìpele kìíní ni ìfọwọ́kàn. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ nọ́ńbà kan láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń sún ohun kan. Ihò mẹ́fà nínú yanrìn tó, ohun tí a óò gbìn sì gbọ́dọ̀ tóbi tó tí kò fi ní lè wọ imú tàbí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ. Àrún ni kí ó jẹ́ ààlà títí yóò fi dá a lójú.

Ìpele kejì ni ìrékọjá. Ní òpin kíkà kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ fi ọwọ́ yí gbogbo rẹ̀ ká, kí ó bi í pé mélòó ni. Kí ó fetí sí èsì náà. Bí ọmọ bá wí pé ẹ̀ta, kíkà ni ó ṣì wà. Bí ó bá wí pé mẹ́ta, ó ti dé. Kò yẹ kí a bá a wí lórí èkíní. Kí a tún eré ṣe ni.

Ìpele kẹta ni pípín àti kíkójọ. Òkúta márùn-ún ni ọmọ méjì mọ̀ pé ó wà. Ọ̀kan nínú wọn pa díẹ̀ mọ́ inú ìkúùkù, ó fi ìyókù sílẹ̀. Bí méjì bá wà nílẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ sọ iye tí ó wà lọ́wọ́. Bí a bá ṣí ọwọ́, òkúta ni yóò ṣe ìdájọ́, olùkọ́ kò ní sọ̀rọ̀. Méjì àti mẹ́ta, ọ̀kan àti mẹ́rin, márùn-ún àti òfo: gbogbo àròpọ̀ márùn-ún wà nínú eré yìí kí ọmọ tó mọ àmì àròpọ̀ lórí pátákó.

Ìpele kẹrin ni lé àti dín. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ pé ogún. Ọmọ tí ó ká ìka kan mọ́lẹ̀ nínú ogún yóò rí ọ̀kàndínlógún pẹ̀lú ojú, orúkọ náà yóò sì dẹ́kun láti jẹ́ ariwo lásán. Ní ipele yìí ni ó tó yẹ kí a fi orúkọ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí, nítorí pé iye tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ti wà lọ́kàn. Ẹni tí ó bá ti mọ mẹ́ta kò ní pẹ́ kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè mìíràn. Ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè méjì láìmọ̀ ọ́n, ẹrù ìgbàgbé méjì ni ó rù.

Kò sí èyíkéyìí nínú ìpele wọ̀nyí tí ó nílò owó. Ohun tí ó nílò ni àyè, kí olùkọ́ sì lè ṣàlàyé fún òbí pé ọmọ tí ó padà sílé pẹ̀lú erùpẹ̀ lọ́wọ́ ti ṣe ìṣirò lọ́jọ́ náà.

8. Ìkádìí

A ti rí i pé oǹkà Yorùbá fi àmì sí ibi tí kíkà ti di iye, àti pé eré ni ọ̀nà tí ọmọdé àríwá Èkìtì fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ gba kíkà, ó fi eré sílẹ̀. Ọdún 1955 ṣí ilẹ̀kùn fún ogunlọ́gọ̀, ó sì yọ ọdún méjì tí eré ìbá fi wọlé. Ìlànà 1977 pe eré padà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ó fi í sí ọwọ́ ọjà, ọjà sì ra àkọ́sórí.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ ìyapa ni àwọn àgbà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó tún kìlọ̀ fún ẹni tí ń ṣètò ẹ̀kọ́ pé ìgbà eré kúrú. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti lè jókòó ti ihò ayò títí di ọjọ́ tí ó wọ Ìwé Kìíní, ọdún mẹ́ta péré ni. Ohun tí òkúta kò bá kọ́ ọ láàrin ọdún mẹ́ta náà, pátákó ni yóò máa wá a kiri lẹ́yìn rẹ̀.